Agbára Wo Ló Fi Tì Í Mọ́lé?

   Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ààrò, ẹ bá mi yí rédíò yín sókè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìyá kan bíi tiyín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ó ti tó ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kóòtù Májísíréètì kan ni, ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni. Ẹni tó bá ti dé kóòtù lọ́jọ́ Ajé rí mọ bó ṣe máa ń rí: gbogbo ẹni tí ọlọ́pàá mú láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kó wá, bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, fáànù òkè ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìyá kan tó ń ta ata rodo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé àpò ọ̀rá dúdú lé itan. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, omi inú ọ̀rá méjì wà níbẹ̀, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, tí wọ́n ká dáadáa. Ó ní òun mú un wá kí ọmọ òun lè wọ̀ ọ́ kó tó dé iwájú adájọ́, kí adájọ́ lè rí i pé ọmọ ilé ire ni. Ọlọ́pàá ò jẹ́ kó fi fún un.

Wọ́n pe ẹjọ́ ọmọ náà. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lásán, ó lọ dúró síbi tí àwọn olùjẹ́jọ́ máa ń dúró sí. Agbefọ́ba dìde, ó ka ẹ̀sùn: ìdigunjalè. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Adájọ́ wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní ẹjọ́ yìí kọjá agbára kóòtù òun. Ó ní kí wọ́n kó fáìlì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìjọba, fún ìmọ̀ràn, kí wọ́n sì máa gbé ọmọ náà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi dé. Ó dá ọjọ́ mìíràn, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Mo wo aago mi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ìyá náà fà mí lápá aṣọ. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé adájọ́ yẹn ní òun ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ mi ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn."

Ó wò mí lójú. "Agbára wo ló wá fi tì í mọ́lé?"

Mi ò rí èsì fún un. Oníròyìn kóòtù ni mí, n kì í ṣe lọ́yà, iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́ kí n kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi délé. Nígbà tí mo tú ìwé wò, mo rí i pé ìbéèrè tí ìyá tó ń ta ata rodo bi mí lórí bẹ́ǹṣì, òun gan-an ni àwọn lọ́yà ńláńlá fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jà láti kóòtù Májísíréètì l'Ékòó títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 2007. Ẹjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹjọ́ ní ibi tó ń dé. Ìjà orogún, owó tí wọ́n yá tí wọn ò san, ewúrẹ́ tó wọ oko olóko, baálé ilé ló ń parí ìyẹn. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ààfin. Baálé tó bá jókòó sí agbo ilé rẹ̀, tó ní òun ń dá ẹjọ́ apànìyàn, ó ti gba iṣẹ́ ọba ṣe. Síbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun kan. Ní òru ọjọ́ tí wọ́n mú apànìyàn náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí wọ́n lè mú un lọ sí ààfin, ta ló ní kí wọ́n dè é lọ́wọ́ kó má baà sá? Ẹ fi ìyẹn sí kọ̀rọ̀ kan lọ́kàn yín, a ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Kóòtù Májísíréètì ni baálé tiwa lónìí. Ẹjọ́ olè jíjà, ìjà ìgboro, jìbìtì tí kò pọ̀ jù, ó lè gbọ́ wọn. Ìpànìyàn, ìdigunjalè, ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ìwọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ agbára kóòtù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Láti ọdún 1962 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim, tí Adájọ́ Bairamian sọ ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ pé kí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́, kò sí lọ́yà kan ní Nàìjíríà tí kò lè ka mẹ́ta yẹn lórí. Àwọn tó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì yẹ ní ipò náà. Ohun tí wọ́n ń jà sí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fún kóòtù náà láti gbọ́. Ọ̀nà tí ẹjọ́ gbà dé iwájú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀nà òfin. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, asán ni gbogbo rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọgbọ́n àti òtítọ́ inú dá ẹjọ́ náà.

Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí ìbéèrè ìyá aláta ti bẹ̀rẹ̀ sí í le? Bí ohun tí kóòtù bá ṣe láìlágbára bá jẹ́ asán, kí la fẹ́ pe ìwé tó fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n?

Ohun tó ń fa irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ọlọ́pàá mú ènìyàn lónìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, ní wọn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní àgọ́ wọn bó ṣe wù wọ́n. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, àfi bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kó ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ìlú wa, kóòtù Májísíréètì ò jìnnà síbì kankan mọ́. Ọjọ́ kan péré ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló lè fi ọjọ́ kan wádìí ìpànìyàn? Ẹlẹ́rìí ò tíì sọ̀rọ̀, dókítà ò tíì yẹ òkú wò, ìbọn tí wọ́n ní wọ́n rí ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́pàá wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n á kọ ẹ̀sùn kan sórí ìwé, wọ́n á gbé afurasí lọ sí kóòtù tí wọ́n mọ̀ dájú pé kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà, kí kóòtù yẹn lè bá wọn dì í mú. Holding charge ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ẹ̀sùn ìdìmú, kí n wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn fi í so ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ẹní so àgbò ọdún ni, ẹjọ́ kankan ò sí nídìí rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Àwọn adájọ́ kan ti bínú sí i tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Ogor àti Kolawole, ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó sọ pé gbígbé ènìyàn lọ síwájú kóòtù tí kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè tì í mọ́lé, ta ko ìwé òfin. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Enwere pé òfin Nàìjíríà kò mọ ohun tó ń jẹ́ holding charge, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi dè mọ́lẹ̀ yẹ kó gba béèlì bí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ kò bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Adájọ́ Niki Tobi, tó ṣì wà ní kòtẹ́milọ́rùn nígbà náà, fi ẹjọ́ Onagoruwa bá àwọn ọlọ́pàá wí pé wọ́n máa ń sáré dé kóòtù kí wọ́n tó wádìí ohunkóhun. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ lọ́yà tó ń pariwo ní kóòtù pé "holding charge ò sí nínú òfin", ibi tó ti rí i nìyẹn.

Ó wá di ọdún 1997. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi rántí ọdún yẹn. Ayé ìjọba ológun Abacha ni. NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba náà jà, wà nílùú, NADECO wà lókè òkun. Bọ́ǹbù ń dún káàkiri, ìjọba ń nàka sí àwọn tó ń jà fún ìjọba alágbádá. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni ìjọba fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka, tó ti sá jáde kúrò nílùú, àti àwọn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Kò sí Májísíréètì kankan tó lè gbọ́ ọ.

Nínú ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ ti àsìkò yẹn náà, wọ́n gbé ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Johnson dé iwájú adájọ́ àgbà Májísíréètì kan l'Ékòó, ìyáàfin Lufadeju. Wọn ò ní kó sọ bóyá ó jẹ̀bi. Adájọ́ ní kí wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé títí wọn yóò fi gbé e lọ sí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí adájọ́ náà dìmú ni abala 236, ẹsẹ kẹta, nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó ìgbà náà. Abala yẹn ní, bí wọ́n bá mú ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá irú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ Májísíréètì, kó dá a padà sí àtìmọ́lé, tàbí kó fún un ní béèlì níbi tí ó bá ti yẹ, títí wọn yóò fi gbé e lọ síbi tó yẹ.

Johnson gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ohun tó bi wọ́n kò yàtọ̀ sí ti ìyá aláta: kóòtù tí kò lágbára lórí ẹjọ́ mi, agbára wo ló ní lórí ara mi? Ilé ẹjọ́ gíga kò gbà fún un. Ó tẹ̀ síwájú sí kòtẹ́milọ́rùn, àwọn yẹn gbà fún un: wọ́n ní abala 236 yẹn kò bá ìwé òfin ilẹ̀ wa mu. Ó wá ku ẹ̀ka ìkẹyìn. Adájọ́ Májísíréètì àti ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Abacha ti kú láti oṣù Kẹfà ọdún 1998, ìjọba alágbádá ti dé, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ yẹn ti di ìtàn. Ẹjọ́ Johnson ṣì ń rìn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ilẹ̀ wa ṣe máa ń ṣe: ohun tó fa ìjà á ti kú, ìjà fúnra rẹ̀ á ṣì wà láyé.

Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rò ó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Wọ́n ní ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń pò pọ̀. Ọ̀kan ni kí wọ́n mú ènìyàn wá síwájú kóòtù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Ìyẹn ní ìlànà tirẹ̀: wọ́n á ka ẹ̀sùn sí i létí, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, wọ́n á bi í pé ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi, yóò sì dáhùn. Ìgbà tó bá dáhùn ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n mú un wá kí kóòtù sọ ibi tí yóò wà ná, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Èyí kò ní ìbéèrè jẹ̀bi-kò-jẹ̀bi nínú. Ti Johnson, èkejì ni. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹ̀bi. Nítorí náà adájọ́ Májísíréètì kò gbọ́ ẹjọ́ ìdìtẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ohun tí ilé ẹjọ́ gíga ni. Iṣẹ́ tí abala 236 fún un nìkan ló ṣe. Ìwé òfin ilẹ̀ wa pàápàá gbà pé wọ́n lè gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dẹ́ṣẹ̀, bó bá jẹ́ láti mú un dé iwájú kóòtù ni, bí ìfura náà bá sì nídìí.

Ẹ rántí baálé tí a fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Òun ló ní kí wọ́n de apànìyàn lóru. Kò dá a lẹ́jọ́. Ó kàn dì í mú títí dé ààfin ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ò fẹ́ràn ìdájọ́ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́yà kan sì ti fi mí ṣẹ̀sín torí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ibi tó yẹ. Bí Májísíréètì kò bá lè sọ̀rọ̀ kankan lórí afurasí ìpànìyàn, ọ̀nà méjì ló kù fún ọlọ́pàá. Kí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí ẹbí ẹni tó kú yóò sì rí i lójú pópó. Tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àgọ́ wọn, níbi tí adájọ́ kankan ò ti ní rí i, tí orúkọ rẹ̀ kò ti ní sí nínú ìwé kóòtù kankan. Ẹ̀yin tó ti gbé oúnjẹ lọ fún èèyàn yín ní àgọ́ ọlọ́pàá rí, ẹ mọ èwo ló ṣeé ṣe jù nínú méjèèjì. Ó sàn kí adájọ́ kan wo ojú afurasí, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ibi tí inú mi kò ti dùn ni aago. Baálé ilé mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́. Nínú abala 236 yẹn, ilẹ̀ kì í mọ́. Ó ní kí wọ́n di afurasí mú "títí" wọn yóò fi gbé e lọ síbi tó yẹ, títí yẹn kò ní ọjọ́, kò ní oṣù. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ẹni tó wà ní àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ rí ìgbẹ́jọ́ láàárín oṣù méjì, tàbí kí wọ́n fún un láyè láti máa tilé wá jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n abala 35 kan náà, nígbà tó dé ìsàlẹ̀, yọ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀ kúrò nínú ìlérí oṣù méjì yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tí Májísíréètì ń rán lọ sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, àwọn yẹn náà ni ìlérí kò kàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Wọ́n á kó ọmọ náà sínú Black Maria, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n. Fáìlì rẹ̀ yẹ kó ti àgọ́ ọlọ́pàá dé ọ́fíìsì DPP, níbi tí àwọn lọ́yà ìjọba ti ń kà á láti mọ̀ bóyá ẹjọ́ wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń wádìí rẹ̀ ti gba lẹ́tà pé kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá fáìlì. Nígbà tí fáìlì dé, ìwé kan sọnù nínú rẹ̀, DPP dá a padà. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n bàjẹ́, wọn ò gbé e wá. Ọjọ́ mìíràn pé, adájọ́ lọ sí ìpàdé. Nígbà míì ni ìlú fúnra rẹ̀ dàrú: ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Igbosere l'Ékòó, ó sì jó gan-an. Nínú gbogbo ìyẹn, ọmọ wà níbì kan, ó ń ka ọjọ́ lára ògiri. Ẹ wá ń gbọ́ pé àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, pé wọ́n pọ̀ ju àwọn tí kóòtù ti dá lẹ́bi lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú ìwé ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló kó wọn débẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ jí. Ní ọdún 2007 kan náà tí ìdájọ́ yẹn jáde, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA. Òfin yẹn fi aago kọ́ ara ògiri. Ó gbà, bí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe gbà, pé Májísíréètì lè dá afurasí padà sí àtìmọ́lé bí kò bá tilẹ̀ lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí ọlọ́pàá má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan, wọ́n gbọ́dọ̀ búra sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Adájọ́ sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìfura náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mi ò ní ṣàìsọ ohun kan tó ń dùn mí níbẹ̀. Òfin náà gbà kí ọlọ́pàá nìkan sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ń béèrè fún àtìmọ́lé, láìsí pé afurasí dá sí i. Yorùbá ti ní orúkọ fún adájọ́ tó bá gbọ́ tẹnìkan dá: àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀, pé kóòtù yẹn kan náà lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ béèlì. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà kò ní kàn án.

Wàyí o, ọjọ́. Ẹ mú bírò. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí Májísíréètì pa kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Bí ó bá pé, tí ọlọ́pàá kọ̀wé béèrè sí i, tí ìdí rẹ̀ sì dára, ó lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Bí ìyẹn náà bá pé tí wọn ò tíì gbé e lọ síbi tó yẹ, kóòtù ní láti kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá àti sí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba, ìyẹn Attorney-General, pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí òun kò fi ní dá ènìyàn yìí sílẹ̀. Ìyẹn náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Bí wọ́n bá wá, tí wọ́n sì rí àlàyé gidi ṣe, ọjọ́ 14 kan ló kù, òun ni ìkẹyìn. Bí wọn ò bá rí àlàyé ṣe, kí wọ́n dá a sílẹ̀, ì báà bẹ̀bẹ̀, ì báà má bẹ̀bẹ̀.

Ẹ bá mi kà á. Bí wọ́n bá rán ọmọ yín lọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, àṣẹ àkọ́kọ́ parí ní ọjọ́ 15. Ìkejì parí ní ọjọ́ 29. Ìkẹta, ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. Ìkẹrin, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 56 nìyẹn lápapọ̀. Àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Abújá ni ACJA yìí wà fún gan-an. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní tiwọn, iye ọjọ́ lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, torí náà ẹ bi lọ́yà pé mélòó ni ti ìpínlẹ̀ yín. Ohun tó ṣe kókó ni pé ọjọ́ wà. "Títí" ti àtijọ́ ti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ti ní ohùn. Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà gba ọ̀gá wọn ní ìpínlẹ̀ láàyè láti sọ pé òun ò gba ènìyàn sí i mọ́ bí ibẹ̀ bá ti kún. Mo ti ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá kan yóò dúró sẹ́nu géètì, tí yóò ní kí Black Maria yí padà. N ò tíì rí i.

Ọmọ ìyá aláta lo oṣù méje. Èmi náà ti gbàgbé ẹjọ́ rẹ̀, kí n má purọ́, kó tó di pé mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ìmọ̀ràn DPP dé pé kò sí ẹ̀rí tí wọ́n lè fi pe ọmọ náà lẹ́jọ́. Oṣù méje láti ka ìwé tí kò ní nǹkan nínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá náà nígbà kankan pé àṣẹ tí wọ́n fi tì í mọ́lé ní ọjọ́ tó ń parí. Èmi tí mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, tí mò ń pe ara mi ní oníròyìn kóòtù, èmi náà ò sọ fún un. Ìyá náà ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ti wá tóbi jù fún ọmọ òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ní ẹnìkan níwájú Májísíréètì lórí ẹ̀sùn tó kọjá agbára rẹ̀: ẹ má bá adájọ́ jà lórí pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í mọ́lé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí ìyẹn. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ kóòtù, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n pa àṣẹ àti ọjọ́ tí yóò parí. Bẹ́ ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ mú ìwé yẹn lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa gbẹjọ́rò fún aláìní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ tún lè lọ sí OPD, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbẹjọ́rò fún aláìní. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí kóòtù dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àṣẹ náà bá parí ni kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn.